Àjẹjù Ìkọ̀kọ̀: Ẹjọ́ Oníwàásù Ni Tàbí Ti Dókítà?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìjọ Onítẹ̀bọmi kan náà ló ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1898, òun náà ló sì gba Dókítà George Green lálejò ní 1907 kó wá máa tọ́jú aláìsàn. Iṣẹ́ ìtọ́jú yẹn ló di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen lónìí. Bí ẹnì kan bá ń dìde lóru, tó ń jẹ ohun gbogbo tó wà nínú ìkòkò, tí kò sì lè dáwọ́ dúró, ọ̀dọ̀ ta ni kó lọ nínú àwọn méjèèjì?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kó lọ bá oníwàásù. Wọ̀bìà ni, kó ronú pìwà dà! Ṣùgbọ́n Ìjàpá, wọ̀bìà inú àlọ́, máa ń gbádùn ohun tó ń jẹ. Ìpín ẹlòmíràn ló ń wọ̀ ọ́ lójú. Ẹni tí à ń wí yìí kò gbádùn nǹkan kan. Ebi lè má pa á rárá. Á sáré jẹun títí inú á fi máa ro ó, á fi pamọ́ fún ará ilé, á sì kórìíra ara rẹ̀ tó bá tán.

Aristotle, àgbà onímọ̀ Gíríìkì ìgbàanì, ti ya àwọn méjì yìí sọ́tọ̀: ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń lé adùn kiri tí kò sì kábàámọ̀, àti ẹni tó mọ èyí tó tọ́, ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ kò ká ara rẹ̀. Ní 1959, Albert Stunkard, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe irú àjẹjù yìí. Nígbà tó di 2013, àwọn dókítà ọpọlọ ibẹ̀ kà á sí àìsàn tó dá dúró, bó bá ń ṣẹlẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ìtọ́jú rẹ̀ ló ya ni lẹ́nu. Oníwàásù lè ní kó gbààwẹ̀; dókítà á ní kó jẹun, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, lásìkò, pẹ̀lú ìpanu díẹ̀, torí ẹni tó febi pa ara rẹ̀ láàárọ̀ ni àjẹjù sábà máa ń ká mọ́ lálẹ́. Á tún ní kó máa kọ ohun tó jẹ sílẹ̀, àti ohun tó ń dùn ún lọ́kàn nígbà náà. Aláìsàn ṣì ní ipa tirẹ̀ láti kó, àmọ́ kì í ṣe pípa ebi mọ́ra.

Ní ìlú Ọ̀yọ́, tí mọ́ṣáláṣí pọ̀ sí, gbogbo mùsùlùmí ló mọ̀ pé Àlùkùránì yọ aláìsàn sílẹ̀ nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ jà. Ti ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò hàn síta ló le. Kí áfáà tàbí pásítọ̀ tó ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbààwẹ̀, ó yẹ kó bi í bóyá kì í lè dá oúnjẹ dúró tó bá ti bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ìkọ̀kọ̀ ló ti ń jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi ìwàásù sílẹ̀ ná, kó bá a wá dókítà.