Kèké Lórí Ẹ̀mí Aláìsàn

Ní ọdún 1947, nígbà tí ogun Hitler ti parí tí owó dọ́là sì ti di ọ̀wọ́n gógó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oògùn titun kan tí a ń pè ní streptomycin, èyí tí Albert Schatz àti ọ̀gá rẹ̀ Selman Waksman rí nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ New Jersey, ti Amẹ́ríkà dé ibẹ̀ ní ìwọ̀nba kékeré tí kò lè kárí àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ, apani-má-yọ-idà, ti dá dùbúlẹ̀. Austin Bradford Hill, onímọ̀ ìṣirò tí ikọ́ yìí kan náà ti so mọ́ ibùsùn rí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, àti àwọn oníṣègùn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wá ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò gba oògùn náà.

Aláìsàn 107 ni wọ́n kó jọ, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, ikọ́ sì ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ́tùn-ún lósì. Bí wọ́n bá ti gba ẹnì kan wọlé, wọn a ya àpòòwé kan tí a ti lẹ̀ pa, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀; bí lẹ́tà S bá wà nínú rẹ̀, ẹni náà yóò máa gba abẹ́rẹ́ ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà; bí ó bá jẹ́ C, ìsinmi lórí ibùsùn nìkan ni tirẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, 4 ti kú nínú àwọn 55 tí ó gba oògùn, 14 sì ti kú nínú àwọn 52 tí kò gbà á.

Ǹjẹ́ Arínúróde, Olùmọ̀ràn ọkàn, fi àṣẹ irú èyí lé ọmọ ènìyàn lọ́wọ́? Ní tèmi, kèké náà kò lẹ́bi. Oníṣègùn tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ yan ẹni tí yóò gba oògùn yóò yan ọmọ ẹni tí ó mọ̀, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le díẹ̀, a kò sì ní í mọ̀ láéláé bóyá oògùn ni ó wò ó sàn tàbí ara rẹ̀. Babaláwo pàápàá, ẹni tí ó wá dífá ni ó ń di ìbò mú lọ́wọ́, kí ìfẹ́ inú awo má baà dáhùn ní ipò Ifá. Bákan náà ni àwọn tí ó ń wo fọ́tò àyà àwọn aláìsàn wọ̀nyí kò mọ èyí tí í ṣe S àti èyí tí í ṣe C. Ìṣọ́ra yìí ni ó jẹ́ kí òtítọ́ kejì, tí ó korò, hàn: kòkòrò ikọ́ kọ́ bí a ti í borí oògùn náà, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọdún márùn-ún pé, 32 ti kú nínú àwọn 55, 35 sì ti kú nínú àwọn 52. Láti ara bí kòkòrò náà ti ń borí oògùn ni àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé oògùn kan ṣoṣo kò tó, pé a gbọ́dọ̀ fi òmíràn tì í lẹ́yìn.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn ẹni C, títí wọ́n fi kúrò nílé ìwòsàn, pé wọ́n wà nínú ìdánwò. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní ọdún 1947 yẹn gan-an ni àwọn adájọ́ ní Nuremberg, nígbà tí wọ́n ń dá ẹjọ́ àwọn oníṣègùn Hitler, fi í lélẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ dán nǹkan wò lára ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà. N kò fi Hill wé àwọn ìkà wọ̀nyẹn, kí a má rí i. Ṣùgbọ́n kí ni ìbá ṣòro nínú kí a jókòó ti ọ̀dọ́ kan kí a wí fún un pé oògùn kan dé, kò kárí, a kò sì tíì mọ̀ bí yóò wò tàbí yóò pani lára, ṣé ìwọ yóò bá wa ṣẹ́ kèké yìí? Ẹni tí ó bá kọ̀, ara rẹ̀ ni ó ni. Ẹni tí ó bá gbà, ó ti fi ara rẹ̀ ṣe ọrẹ àtinúwá fún àwọn tí kò ní í fojú rí láéláé. Àwọn 52 náà ni a fi mọ ohun tí streptomycin lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, wọ́n sì lè ti fi tayọ̀tayọ̀ ṣe ọrẹ náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò bi wọ́n.