Bí Ẹṣin Fúnra Rẹ̀ Bá Ṣubú

Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Òwe náà gbà pé ẹṣin ọ̀hún ṣì dúró ṣinṣin. Èyí tí àìsàn wọ̀ ní ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ńkọ́?

Lára pátákò ni àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin póló l'Ábùjá ti lè kọ́kọ́ rí i: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ́lẹ̀, iwájú pátákò á máa ha ilẹ̀. Dókítà ẹranko á fa ìrù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ti ń rìn. Èyí tí kò lágbára á tẹ̀ lé ọwọ́. Ohun tó fà á lè jẹ́ kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, irú èyí tó ń pa ẹṣin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, tí wọ́n fi ń ra òmíràn láti òkè Ọya. Ó sì lè jẹ́ dìgbòlugi; ẹ má fọwọ́ lásán kan ẹnu rẹ̀.

Oògùn diminazene ń pa kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọpọlọ, ó sì lè ṣe ẹṣin léṣe. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le. Lójú tèmi, abẹ́rẹ́ ìsinmi ìkẹyìn fún ẹṣin tó ń jẹ̀rora tí kò lè dìde mọ́ kì í ṣe ìwà ìkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹṣin, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko wà ní yunifásítì tó wà ní Gwagwalada, l'Ábùjá. Ẹ tètè pè wọ́n kí ẹṣin yín tó dùbúlẹ̀.