Ohun Tó Ń Kùn Kò Tíì Kú

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí nìyí tí mo fi tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìjọ kí n lè kọ ẹ̀rí yìí sílẹ̀ kó tó tutù lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ ẹja ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀rí ìwé ìgbélùú, ti iṣẹ́ abẹ àti ti ọmọ tuntun la sábà máa ń gbọ́ nínú ìjọ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó dá èèyàn náà ló dá ẹja, ó sì rí wa lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀mí àwọn ẹja ilé wa fẹ́ bọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wá sílé wa ní Thamesmead mọ àpótí gíláàsì tó wà ní pálọ̀. Kẹ́hìndé ló ni ín. Táíwò lè bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ariwo sì máa ń dà á láàmú. Bó bá ti ilé-ìwé dé, á bọ́ bàtà, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú ẹja, á sì máa wò wọ́n títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ìyá rẹ̀ mọ ohun tí àkókò yẹn ń ṣe fún un, àti fún gbogbo ilé.

Ẹja tó wà níbẹ̀ ni àwọn tó ń sin ẹja ń pè ní kribensis. Ìbátan epìyà ni, ṣùgbọ́n kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ilẹ̀ wa ni ìran wọn ti wá o! Inú odò ìhà gúúsù Nàìjíríà títí dé etíkun Kamẹrúùnù ni wọ́n ń gbé, ní 1901 sì ni Boulenger, onímọ̀ ẹja tó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum níbí, kọ ìrísí wọn sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Tiwa kò dé Nàìjíríà rí. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n bí wọn sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bí àwọn ìbejì mi sí London. Abo wọn ló dùn ún wò jù: bó bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n yòò. Inú eèpo àgbọn tí a dojú rẹ̀ dé sínú omi ló yé ẹyin sí, òun àti akọ rẹ̀ ló sì jọ ń ṣọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti kó ọmọ jáde. Ojú méjì àti ìrù ni ọmọ náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń tẹ̀lé ìyá wọn kiri orí yanrìn. Bí ìyá bá gbọn lẹ́bẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní mira títí yóò fi tún rìn. Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ rí i. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ó ń pè wọ́n." Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi gbàdúrà lórí ọmọ yìí mọ ohun tí ó jẹ́ fún mi pé kó ya ẹnu sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í.

Ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ kan wá pààrọ̀ mítà iná. Ọmọlúwàbí ni, ó sọ fún wa kó tó pa iná, kò sì pẹ́ tó fi tàn án padà. Fíríìjì ṣiṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n tàn, gbogbo nǹkan padà sípò, àfi pọ́ǹpù inú omi ẹja. Òun nìkan ló ń yí omi náà ká: á fa omi gba inú fóòmù, á sì tú u jáde lókè kí ojú omi lè máa mì. Tọ̀sán tòru ló ń ṣiṣẹ́. Iná lọ, ó dúró. Iná dé, kò yí mọ́. Ó gan.

Ojú omi tó dúró jẹ́ẹ́ kì í ṣe àlàáfíà fún ẹja. Ojú omi tó ń mì ló ń gba ọ́síjìn tí wọ́n ń mí wọlé. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwọn, tó wà ní 25 lórí ìwọ̀n Celsius, kò lè gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 8 lọ nínú lítà kan; omi tútù tó wà ní 10 lè gba nǹkan bí 11. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú fóòmù, tí wọ́n ń sọ amóníà inú ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò lóró tó bẹ́ẹ̀, ọ́síjìn yẹn náà ni wọ́n ń lò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, akọ ẹja ti gòkè, ó ń ya ẹnu wá afẹ́fẹ́ lójú omi. Abo kò gòkè ní tirẹ̀, kò fẹ́ fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìhà ọrùn rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, kíákíá kíákíá. Kẹ́hìndé gbá gíláàsì mú, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àdúrà gígùn kò sí lẹ́nu mi, mo kàn ń wí pé, "Olúwa, má jẹ́ kó ṣojú ọmọ yìí."

Mo pe ilé ìtajà ẹja kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù ní kí n ju pọ́ǹpù náà nù, pé ẹnikẹ́ni kì í tún irú rẹ̀ ṣe, pé irú rẹ̀ sì ti tán lọ́wọ́ àwọn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́, mo pa fóònù. Ó dùn mí, kì í ṣe nítorí owó nìkan. A ti wá wà láyé tí nǹkan bá ti dákẹ́, àpótí ìdọ̀tí ló kàn, láìsí ẹni tó tú u wò.

Ẹni tó wá sí mi lọ́kàn ni Bàbá wa kan nínú ìjọ, tí wọn kò fẹ́ kí n dárúkọ àwọn. Kí Bàbá tó wá sí ìlú yìí, Mushin ni wọ́n ti ń wé wáyà mọ́tò iná: ti fáànù, ti ẹ̀rọ ìlọta, ti pọ́ǹpù kànga. 

"Ẹ kú alẹ́, sà. Ẹ má bínú pé mo pè yín lásìkò yìí."

"Ìyá Ìbejì! Ṣé àlàáfíà ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ fi etí ti gíláàsì yẹn. Ṣé ó ń kùn?"

Mo tẹ́tí. "Ó ń kùn, sà. Ṣùgbọ́n kò yí."

"Ẹ̀hẹ́n. Ohun tó ń kùn kò tíì kú. Wáyà inú rẹ̀ ṣì dáa, nǹkan kan ló dì í mú. Ẹ yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, kó má gbóná jù, ẹ má sì ti ọwọ́ bọ omi yẹn kí ẹ tó yọ ọ́. Táíwò ńkọ́?"

"Ó wà níbí, sà."

"Kó mú kọ́ọ̀pù, kó máa bu omi náà, kó máa dà á padà látòkè, jẹ́jẹ́, kó má dáwọ́ dúró. Fóòmù yẹn, ẹ fi sílẹ̀ nínú omi ẹja. Ẹ ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ o, kiloríìnì á pa àwọn ohun rere inú rẹ̀."

Lórí fóònù yẹn ni Bàbá ti là mí lóye bí pọ́ǹpù náà ti rí nínú, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ, torí ibẹ̀ ni ìtúsílẹ̀ gbà wọlé. Kò sí ihò kankan tí omi lè gbà dé ọ̀dọ̀ iná. Wáyà bàbà tí wọ́n wé wà nínú ike, wọ́n ti da gọ́ọ̀mù líle bò ó pátápátá. Ohun tó ń yí kò sí lọ́dọ̀ wáyà rárá. Inú ihò kékeré kan tí omi kún ló wà: òòfà kan tó ní fáànù lórí, tí ọ̀pá tánganran tín-ín-rín gba àárín rẹ̀ kọjá. Iná inú wáyà ló ń fa òòfà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi máa yí. Iná ilẹ̀ yìí, àti ti Nàìjíríà náà, ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyí tí irú mọ́tò kékeré bẹ́ẹ̀ fi ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Omi tó yí i ká ló ń tù ú, tó tún ń jẹ́ kó yọ̀.

Ẹfun ló kún àlàfo tó wà láàárín òòfà àti ògiri ihò náà. Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín, ẹ ó rí i. Thames àti Lea ni ọ̀pọ̀ omi London ti ń wá, òkúta ẹfun ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń fún àwọn odò yẹn lómi. Òjò tó bá rọ̀ sórí àwọn òkè Chiltern á gba inú ẹfun kọjá kó tó di ìsun. Ẹfun yẹn ń bá omi wọlé, ojú kò rí i, ibi tó bá gbóná ló sì ti ń dì. Inú mọ́tò gbóná ju omi yòókù lọ. Bí ó bá ń yí, kò ní í jẹ́ kí ẹfun ráyè so. Bó bá dúró, tó tutù, ó parí, ẹfun á so ó mọ́ ògiri. Agbára tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ fi ń gbéra kéré, nítorí náà ó lè máa yí lọ nínú ẹfun fún ìgbà pípẹ́, kó má sì lè tún gbéra nínú rẹ̀.

Mo pe ibi iṣẹ́ pé n kò ní lè wá lóru náà, mo gbé pọ́ǹpù wọ ilé ìdáná. Mo yí ojú rẹ̀, ó jáde. Mo fi ìka ti fáànù: gbọnin! Etí ihò náà funfun yípo, ó le. Bàbá ti ní kí n má fi píláyà fà á, torí tánganran máa ń dá. Mo da fínígà funfun àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pọ̀ ní ìdọ́gba sínú abọ́, mo rì í, mo jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà lórí tábìlì. Kò pẹ́, ìfófòó tín-ín-tìn-tín bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti etí òòfà, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, láìdáwọ́ dúró. Fínígà ń jẹ ẹfun, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ń jáde. Ibẹ̀ ni ìrètí ti wọ inú mi. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da bílíìṣì mọ́ fínígà láé, gáàsì olóró ló ń ti ibẹ̀ jáde.)

Lọ́gànjọ́, mo tún fi ìka tì í, ó mì. Mo da fínígà àkọ́kọ́ nù, mo bu òmíràn. Lẹ́yìn náà mo fi ìka méjì yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, ìyẹ̀fun funfun ń já bọ́, ó sì yọ, tòun tọ̀pá rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi fọ òòfà, òwú orí igi ni mo fi nu inú ihò. Bàbá ní kí n wo ara òòfà dáadáa: bó bá ti là, tó wú, tí ìpẹtà ń jáde lára rẹ̀, fínígà kò lè gbà á, àfi ká ra òòfà àti fáànù tuntun, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù. Tèmi ń dán. Rọ́bà kékeré méjì tó ń di ọ̀pá mú lórí àti nídìí pé. Ẹ ṣọ́ rọ́bà yẹn lójú síǹkì o, ó rọrùn láti bá omi lọ. Mo fi omi ṣan gbogbo rẹ̀ títí òórùn fínígà fi lọ, n kò sì fi òróró kankan pa á, torí òróró kò yẹ inú omi ẹja.

Inú garawa omi ni Bàbá ní kí n ti dán an wò, kó má yí lórí gbígbẹ. Mo rì í, mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo fi iná sí i. Ó kùn. Ó gbọ̀n, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́. Ọkàn mi náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ta pàrá, omi tú sókè, ó ta sí mi lójú. "Jésù!" ni mo kígbe. Bàbá, tí wọn kò tíì sùn nítorí wa, gbọ́ ọ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ó ti gbà!"

Ẹ̀yin ará, kí ilẹ̀ tó mọ́, akọ ẹja ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá aya rẹ̀. Táíwò ti sùn sórí àga, kọ́ọ̀pù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kì í fẹ́ jókòó lójú kan ló bu omi láti alẹ́ títí di òru nítorí ìkejì rẹ̀. Kẹ́hìndé jí, ó lọ síbi gíláàsì, ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Wọ́n pé." Mo sunkún ayọ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà kúkúrú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ wọn ní Mushin láìmọ̀ pé ọmọ kan ní Thamesmead ni wọ́n ń kọ́ ọ dè. Kí Olúwa dá wọn sí fún wa. Ọpẹ́ mi ti wà nínú àpò ìdúpẹ́, ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ lóru náà ni mo san.

Látìgbà náà, lóṣooṣù ni mò ń tú pọ́ǹpù yẹn, tí mo sì ń rì í sínú fínígà kí ẹfun tó ráyè le. Mo ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré kan tó ń lo bátìrì, ó wà nínú dúróà fún ọjọ́ tí iná bá tún lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìyá gbọ́, Mọ́mì kan gbé pọ́ǹpù ìsun omi ọgbà wọn wá, irú kan náà ni nínú, ó jí. Wọ́n gbé òmíràn wá tí kò kùn rárá bí a ti fi iná sí i. Bàbá ní wáyà inú rẹ̀ ti jó, a kò fi ìyẹn da ara wa láàmú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, èmi àti Bàbá yóò wà ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn. Ẹ gbé èyí tó gan nílé yín wá, kí ẹ rí i pé gbogbo rọ́bà rẹ̀ pé. Fínígà wà nílẹ̀.