Orúnkún Tí Kò Lè Kúnlẹ̀ Mọ́

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, arábìnrin wa kan jókòó nígbà tí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀. A wo ara wa lójú. Lẹ́yìn ìsìn, ó kí àwọn àgbà lóòró, a sì sọ pé ìgbéraga ni, pé Ìlú Òyìnbó ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ó tó oṣù mẹ́ta kí a tó gbọ́ pé orúnkún ni. Ọdún púpọ̀ ni ó ti fi ń gbé àwọn arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga lóru, tí ó ń fi Aboniki para nílé, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè wa nìyí: ǹjẹ́ ìfaradà ni kí ènìyàn máa pa ìrora mọ́ra? A ti gbé ìfaradà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ní "ẹ̀yìn ń dùn mí" fi ń dà bí ọ̀lẹ. Àwọn ará ilé ń retí owó, agbanisíṣẹ́ sì lè pe ẹlòmíràn. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ó ti ba àwa náà rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 710 ènìyàn ni ó ní àìsàn eegun, oríkèé tàbí iṣan. Gbogbo wọn kọ́ ni ọ̀lẹ. Òfin ilẹ̀ yìí pàápàá, èyí tí wọ́n ṣe ní 1992, ní kí agbanisíṣẹ́ yẹra fún ẹrù gbígbé tó lè ṣe òṣìṣẹ́ léṣe, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. (Òfin náà ka ènìyàn mọ́ ẹrù, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Bí ẹ̀rọ tí a fi ń gbé aláìsàn bá wà, kí a lò ó, bí kò bá sí, kí a béèrè.

Bíbo nǹkan mọ́lẹ̀ kì í wò ó sàn. Ní ilé ìwòsàn Wrightington, lẹ́bàá Wigan nítòsí wa níbí, John Charnley, ọmọ bíbí Bury, fi Teflon ṣe oríkèé ìbàdí fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, Teflon náà jẹ. Kò bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń pe àwọn aláìsàn padà láti yẹ̀ wọ́n wò, ó tún iṣẹ́ abẹ ṣe fún wọn, ó sì wá ike mìíràn tí ó lágbára jù, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1962. Láti ibẹ̀ ni ìwòsàn náà ti tàn ká ayé.

Arábìnrin wa ìbá ti sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá sọ fún? Ṣé àwa tí a ń wo ara wa lójú?

Ó ti rí dókítà báyìí, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní eré ìdárayá tó yẹ orúnkún rẹ̀. A ti kéde pé ẹni tí kò bá lè kúnlẹ̀ kó jókòó, kí ẹnikẹ́ni má bi í ní ìdí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ènìyàn mẹ́rin ló jókòó. Méjì nínú wọn, a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohunkóhun ń ṣe wọ́n.