Ṣé Gbogbo Ohun Tí Ojú Inú Rí Ni Òótọ́?



Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ń ṣe àṣàrò tí mo rí ìmọ́lẹ̀, tí mo gbọ́ ohùn, ṣé òrìṣà ló ń pè mí ni?" Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ń tọ ọ̀nà Tao dáhùn, torí ìbéèrè yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Wọ́n ní ìwé kan tí Lü Dongbin ti ń bi olùkọ́ rẹ̀, Zhongli Quan, ní ìbéèrè. Ìwé náà ka ohun mẹ́wàá tó ń dínà fún ẹni tó bá jókòó ṣàṣàrò; àwa ìbá pè wọ́n ní ajogun. Àjálù àti ọmọ ogun tó mú idà dání wà níbẹ̀, ìyẹn ò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ wà níbẹ̀, ipò ńlá wà níbẹ̀, orin dídùn àti arẹwà obìnrin wà níbẹ̀. Kódà, ìran àwọn ẹni mímọ́ wà lára wọn!

Kí ló dé? Mo rò pé bí ohun ẹ̀rù bá yọ síni, a ó sáré tọ àgbà lọ. Èyí tó bá ń yìn wá ńkọ́? Ta ló fẹ́ wádìí rẹ̀? Ẹni tí ìran bá ti sọ fún pé ó ti dé ipò ẹni mímọ́ kò ní gba ìmọ̀ràn mọ́.

Ṣé ká wá pa gbogbo èrò ọkàn ni? Rárá. Sima Chengzhen, tó kú ní 735, kọ̀wé lórí kéèyàn jókòó kó sì gbàgbé. Ó ní ẹni tó ń pa gbogbo èrò láìya rere sọ́tọ̀ kúrò lára búburú yóò bọ́ sínú ìdákẹ́ afọ́jú. Ẹni tó sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa ṣàn lọ, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ò jókòó rárá.

Kì í ṣọ̀rọ̀ eré o. Nígbà tí qigong gbòde ní Ṣáínà ní àwọn ọdún 1980, ọkàn àwọn kan dàrú. Wọ́n ń pè é ní iná tó yà kúrò lọ́nà, tí ẹbọra fi wọlé. Ní 1994, àwọn dókítà àìsàn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn wọn. Nítorí náà, bí ohùn ò bá dákẹ́, tí oorun sì dá, ẹ fi àṣàrò sílẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ìran. Àwa náà ń lálàá, ṣùgbọ́n a ó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, a ó di ìbò, kí ohun mìíràn lè jẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí tó kù ni ìwà. Bí ìran bá ń mú yín gbéraga sí ará ilé yín, ẹ kẹ́yìn sí i, ì báà wọ aṣọ funfun.

Kí orí wa má ṣì wá lọ́nà. Àṣẹ.