Ẹ Bá Mi Yọ̀, Gbèsè Kò Gba Ìsọ̀ Mi

Bí kì í bá ṣe Ọlọ́run ni, ìsọ̀ àdìrẹ tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ì bá ti di ti ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá mọ ọjà wa mọ ohun tí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti fojú wa rí. Èyí tí àwa fi ọwọ́ kọ lẹ́kọ, tí a rẹ sínú aró, tí a sá, tí a tún rẹ, báwo ni yóò ṣe pọ́ọ́kú tó o? Mo bẹ Olúwa pé kó ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa ní London tó ń wá ojúlówó. Mo yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì dúró fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ọjà mi sórí Google Ads. Bí ìpolówó bá yọ lásán, a kì í san kọ́bọ̀. Ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ lowó ń jáde.

Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́! Owó ń lọ lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò ra ìró kan. Lọ́jọ́ mìíràn, ohun tí Google yọ tó ìlọ́po méjì iye tí a là sílẹ̀ fún òòjọ́. Ọmọkùnrin náà ní kí n fi kún un. Nígbà tó yá, kò gbé fóònù mi mọ́. Ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà pé bí oṣù bá parí, àwọn ń bọ̀ wá kó aṣọ inú ìsọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò kí mi mọ́. Lóru ọjọ́ kan, mo dojúbolẹ̀ láàrin àwọn ìdì aṣọ. "Olúwa, ṣàánú" nìkan ni mo rí sọ, ẹkún ló gba ìyókù.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa tí kò rí mi ní ìsìn wá bẹ̀ mí wò. Àṣé ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì niṣẹ́ tó ń ṣe jẹun! Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sínú Google kí ìpolówó yín tó yọ sí wọn." Ó ṣí àkójọ náà. Yéè! Bí wọ́n ṣe ń po aró. Àwòrán àdìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí a ti ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ. Ìtàn àdìrẹ fún iṣẹ́ ilé-ìwé. Mò ń sanwó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sí oníbàárà níbẹ̀! Brítéènì la yàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò náà, bí Google ṣe gbé e kalẹ̀, ń ka ẹni tó kàn nífẹ̀ẹ́ sí Brítéènì mọ́ ọn, kódà bó jókòó sí Ìbàdàn.

Ọjọ́ náà là ń ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀kọ́, àwòrán àti ìtàn, ó kó wọn sínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́. Ó fi ìpolówó mọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà ní Brítéènì gan-an. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ẹni tó fẹ́ rajà máa ń lò ló fi sílẹ̀, ó fi àkámọ́ onígun ká wọn mọ́, kí ìpolówó má baà yọ sí ẹni tí ohun tó ń wá yàtọ̀. Ẹni tó bá ń wá aṣọ ẹbí, ojú ìwé aṣọ ẹbí ni yóò já sí, pẹ̀lú iye owó ní pọ́n-ùn. Ó tún fi kóòdù kan síbẹ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ tó mú oníbàárà wá. Ìlọ́po méjì tó dẹ́rù bà mí yẹn, ó ní Google lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n lóṣù, kò ní kọjá ìlọ́po 30.4 iye òòjọ́.

Ohun tó mú mi kúnlẹ̀ nìyí. Mo ti rò pé olówó ló ni òkè ojú ìwé Google. Ó ní gbàǹjo ni, ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wá nǹkan; àmọ́ kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wò ó bóyá ìpolówó bá ohun tí ẹni náà ń wá mu, bóyá ojú ìwé náà wúlò fún un. Wọ́n ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 10. Mo rí 3 tó di 8 lójú mi, owó tí à ń san lórí títẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wálẹ̀! Ta ló dà bí Ọlọ́run wa, tó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún aláìní láti yọ ṣáájú ilé-iṣẹ́ ńlá?

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ dá kù sí dẹ̀dẹ̀. Fóònù mi dún. Ìyá kan ní Peckham ni, ó fẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, fún odindi ìdílé! Mo kígbe débi pé àwọn ará ọjà rò pé òfò ló ṣẹ̀ mí. Ìdajì owó tó kọ́kọ́ san ni mo gbé tọ ẹgbẹ́ lọ, wọ́n sì sún ọjọ́ síwájú. Lẹ́yìn náà ni aránṣọ kan ní Manchester dé, òmíràn tẹ̀ lé e. Lónìí, gbèsè ti tán! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ìwọ tí owó ìpolówó ń jò lọ lọ́wọ́ rẹ, má sọ̀rètí nù! Ṣí àkójọ yẹn, kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ Olúwa kó là ọ́ lójú. Ní ti èmi, ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni mò ń gbé ọpẹ́ lọ. Àwọn aláró tó ń bá mi ṣiṣẹ́ yóò wọ ẹlẹ́kọ tuntun, arábìnrin yẹn ni yóò lé orin. Ẹ wá bá wa jó!