Àṣá, Àdàbà àti Ìdánwò Ilé-Kéú



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò rí dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní: "Àfáà, bí gbogbo wa bá ṣe òótọ́ nínú ìdánwò, ṣé kì í ṣe ẹni kan ṣoṣo tó bá jí ìwé wò ni yóò jèrè jù? Kí wá ni èrè òótọ́?" Máàkì 43 ni ọmọ náà gbà. Àwọn tó jókòó tì í gba 70, gbogbo wa la sì mọ bí wọ́n ṣe rí i.

Kí a tó sọ pé Ṣàtánì ló fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ẹranko, tí Súúrà Al-An'ām ti fi yé wa pé ìjọ ni àwọn náà bí i tiwa.

Ní adágún Tanganyika, tó wà láàárín Tansaníà, Kóńgò, Bùrúńdì àti Sáḿbíà, ẹja kan wà tó jẹ́ pé ìpẹ́ ara ẹja mìíràn ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn tí ẹnu wọn wọ́ sí ọ̀tún máa ń gba ẹ̀yìn yọ, wọn a já ìpẹ́ ní apá òsì. Àwọn tí tiwọn wọ́ sí òsì ń já ti apá ọ̀tún. Michio Hori, onímọ̀ ará Japan, kọ nípa wọn ní 1993. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí ẹlẹ́nu ọ̀tún bá pọ̀ jù, àwọn ẹja tí wọ́n ń jí ní ìpẹ́ a máa ṣọ́ apá òsì wọn gidigidi, ẹlẹ́nu òsì tí kò pọ̀ a sì máa jẹun yó. Bó bá yá, àwọn náà a pọ̀ sí i, ìṣọ́ a yí sí apá kejì. Báyìí ni wọ́n ń fì síwá sẹ́yìn ní àyíká ìdajì sí ìdajì. Olè ni gbogbo wọn, àmọ́ olè tí wọn kò retí ló ń yó.

Ṣáájú èyí, ní 1973, John Maynard Smith àti George Price ti fi ìṣirò ṣe àlàyé ìjà ẹranko. Àwọn tó gba ọ̀nà wọn máa ń pe oníjà ní àṣá, wọ́n ń pe ẹni tó ń sá fún ìjà ní àdàbà, bẹ́ẹ̀ irú ẹranko kan náà ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká ní oúnjẹ tí wọ́n ń dù tó 4, ọgbẹ́ ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìjà sì jẹ́ àdánù 10. Bí àdàbà méjì bá pàdé, ọ̀kan yóò fi í sílẹ̀ fún èkejì. Bí a bá pín in dọ́gba, 2 ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí àṣá kan ṣoṣo bá wọ àárín wọn, 4 ni yóò máa kó lọ láìjà. Ọmọ yẹn kò parọ́! Ṣùgbọ́n àṣá a máa bí àṣá. Nígbà tí wọ́n bá di 40 nínú 100, ọgbẹ́ tí wọ́n ń dá sí ara wọn lára ti jẹ èrè náà: àṣá ń rí 1.2, àdàbà náà ń rí 1.2. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí.

Ẹ wò ó dáadáa. Nígbà tí gbogbo wọn jẹ́ àdàbà, 2 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rí. Àṣá tó wá jèrè ti sọ ara rẹ̀ àti gbogbo ìlú di òtòṣì, síbẹ̀ kò sí èyí tó lè dá nìkan yí ìwà padà kó jèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí ló bà wá lẹ́rù jù.

Ẹranko kò ní ẹjọ́ láti jẹ́ lórí rẹ̀. Bí a ṣe dá a nìyẹn. Àwa ènìyàn la gba àmáánà. Ohun tí àwa olùkọ́ sì máa ń sọ, pé olóòótọ́ ni yóò máa borí láyé nígbà gbogbo, kì í ṣe òótọ́, àwọn ọmọ sì ń fi ojú ara wọn rí i. A kò lè fi irọ́ kọ́ ọmọ ní òótọ́. Ẹni tó bá ń ṣe òdodo nítorí máàkì yóò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí máàkì bá wà lọ́dọ̀ èrú. Nítorí Ọlọ́run ni a fi ń ṣe é, ì báà jẹ́ 43 la gbà.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn tún bá àwa fúnra wa wí. Bí àdánù ọgbẹ́ bá kúrò ní 10, tó di 40, àṣá kò ní ju 10 nínú 100 lọ, èrè ẹnì kọ̀ọ̀kan a sì gòkè sí 1.8. Ta ló ń mú kí ọgbẹ́ èrú wúwo nínú yàrá ìdánwò? Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni. Àwa la sì ṣọ́ ìdánwò ọjọ́ náà. A jókòó, à ń ka ìwé ìròyìn. A mọ̀ pé ìwé ń lọ ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn, a ò gbójú sókè, nítorí pé oòrùn mú, àti pé ọmọ àwọn tí a mọ̀ ni wọ́n.

A sọ èyí fún ọmọ náà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. A fagi lé ìdánwò náà, a tún un ṣe. Lọ́jọ́ náà, a kò gbé àga wọlé.